Láti igbó Gabon dé yàrá yín: Ìtàn pákó okoumé, bẹ́ẹ̀dì àlòkù àti ọ̀ṣọ́ olówó pọ́ọ́kú

Ẹni tó bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ti rí Akanda rí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ ìlú náà. Ní Angondjé, àdúgbò kan nínú ìlú Akanda tó wà ní àríwá Libreville, ni Zambia ti fi pẹnáritì na Ivory Coast lọ́jọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 2012, tí wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Òkun tí ọkọ̀ òfurufú ikọ̀ Zambia já sí lọ́dún 1993 kò jìnnà sí pápá ìṣeré náà.

Yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa Gabon kò ju epo rọ̀bì lọ, àti ìdílé Bongo tó ṣèjọba fún ohun tó lé ní 50 ọdún. Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà tó ṣeé ṣe kó wà lábẹ́ fóòmù tí ẹ ń sùn lé. Ìtàn pákó ni.

Akanda jẹ́ ìlú tó ń gbòòrò. Ilé ńláńlá wà níbẹ̀, yàrá kéékèèké táwọn èèyàn ń yá gbé náà wà níbẹ̀, igbó inú omi tí ìjọba sọ di ọgbà ìtọ́jú ẹranko àti ẹyẹ lọ́dún 2002 sì wà lẹ́bàá wọn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá níbẹ̀, yálà ọmọ Gabon ni tàbí Yorùbá tó ti Kútọ̀nú tàbí Èkó wá, ìbéèrè kan ló máa ń bi ara rẹ̀: owó ilé ti gbé owó lọ, kí ni mo fẹ́ fi tún yàrá ṣe?

Àwọn òyìnbó ní ìdáhùn kan sí ìbéèrè yìí tí wọ́n ń pè ní shabby chic. Ìdáhùn tiwa ti pẹ́ ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n a kì í fi í yangàn.

Kí ló ń jẹ́ shabby chic?

Ní kúkúrú, ó túmọ̀ sí kí èèyàn fi ohun àlòkù ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́, kó má sì fi ọjọ́ orí ohun náà pamọ́. Wọ́n á kun kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ ní ọ̀dà funfun, wọ́n á tún fi sáńdípépà ha etí rẹ̀ kí pákó lè yọjú lábẹ́ ọ̀dà. Aṣọ fèrèsé tí oòrùn ti pa láwọ̀, dígí tó ti ń ṣú, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu, gbogbo rẹ̀ ló níyì nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìròyìn The World of Interiors ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ lo orúkọ náà ní àwọn ọdún 1980. Ẹni tó sọ ọ́ di òwò ni Rachel Ashwell, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tó pè ní Shabby Chic sí Santa Monica ní California lọ́dún 1989. Ní ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, Annie Sloan ní ìlú Oxford gbé ọ̀dà kan jáde tó máa ń gbẹ bí ẹfun, tí kì í dán. Ọ̀dà yẹn ló jẹ́ kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ káfíńtà rárá lè jókòó sẹ́yìnkùlé rẹ̀ kó sì tún àga àtijọ́ ṣe.

Àmọ́ kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìnídìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, pákó di ọ̀wọ́n gógó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba ibẹ̀ ṣe àkójọ àwọn àga, tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì tí káfíńtà lè kàn, wọ́n sì pè é ní Utility. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó àti àwọn tí bọ́ǹbù wó ilé wọn ni wọ́n kọ́kọ́ yọ̀ǹda kí wọ́n ra á. Ọdún 1952 ni ètò náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ìran kan dàgbà sínú ilé tí wọn kì í ti í sọ àga nù.

Àwọn ọlọ́lá náà ní ìpín tiwọn. Owó orí àti owó ogún ti jẹ ọrọ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé ńlá tó ní ilé lábúlé. Wọn kò lè pààrọ̀ aga tìmùtìmù tó ti gbó, wọn kò sì ní torí ẹ̀ tijú, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé bàbá ńlá wọn ló rà á. Ohun tí Ashwell ń tà fún àwọn ará California gan-an nìyẹn: àkísà ẹni tó ti lówó rí. Yorùbá tó sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ti rí ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní Santa Monica, èèyàn lè fi owó ra àkísà àgbà.

Lóṣù Kíní, ọdún 2009, lẹ́yìn tí ètò ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé, ilé iṣẹ́ Ashwell wọ gbèsè débi pé ó lọ bẹ ilé ẹjọ́ fún ààbò lọ́wọ́ àwọn olówó. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí èyí díẹ̀, pé ilé iṣẹ́ tó ń ta ìrísí òṣì ni àìlówó lọ́wọ́ lé dé ẹnu ọ̀nà.

Kí ló dé tí àwa fi ń fẹ́ ohun tó ń dán?

Ẹ mú bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi sáńdípépà ha létí lọ fún ìyá àgbà kan ní Ìbàdàn tàbí Àjàṣẹ́, kí ẹ sọ fún un pé ọ̀ṣọ́ ni. Ó ṣeé ṣe kí ìyá béèrè lọ́wọ́ yín pé ṣé owó ọ̀dà kò tó ni.

Èyí kì í ṣe àìlajú. Robert Farris Thompson, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà láti Amẹ́ríkà, ti rin ilẹ̀ Yorùbá ká ní àwọn ọdún 1960, tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Dídán wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ fún un: ara ère gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa kọ lára rẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ kí ère fi èèyàn hàn nígbà tó ṣì wà nínú agbára rẹ̀, kó má rí bí ọmọdé, kó má sì rí bí arúgbó.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ àga di arúgbó ń ṣe ohun tó lòdì sí ojú tí àwọn baba wa fi ń wo ẹwà. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti rí i tí ojú wa àti tiwọn ti pàdé ni aṣọ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ti fọ̀ títí tí aró rẹ̀ fi rọ̀ mọ́ni lójú, àwọn ìyá wa kì í sọ ọ́ nù. Bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ lé.

Igi tó kọ́ Libreville

Igi okoumé kì í hù níbi púpọ̀ láyé. Gabon ni ilé rẹ̀, ó sì wà díẹ̀ ní Equatorial Guinea, Congo àti Cameroon. Orúkọ tí àwọn Mpongwe, tó ti ń gbé etí odò níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ń pè é ni gbogbo ayé ń pè é. Ara igi yìí ni wọ́n ti ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, oje rẹ̀ sì ni wọ́n ń tan iná ògùṣọ̀ sí. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un, Aucoumea klaineana, jẹ́ ìrántí Théophile Klaine, àlùfáà Kátólíìkì tó ń gbé Libreville tó sì ń ṣa ewé àti igi jọ fún àwọn onímọ̀ ní ìlú Paris.

Ní ìparí ọ̀rúndún 19 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó gẹdú okoumé lọ sí Yúróòpù. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ló ń ṣàkóso Gabon, Jámánì ló ń ra èyí tó pọ̀ jù kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1914. Kí ló dé? Nítorí pé igi náà rọ̀, ó tọ́, ó sì tóbi yíká, òun gan-an ni ẹ̀rọ tó ń ṣe pláíwúùdù ń wá.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gbé odindi gẹdú sórí ẹ̀rọ tó ń yí i, ọ̀bẹ gígùn kan á sì máa bó o bí ìgbà tí èèyàn ń bó ọsàn láìjẹ́ kí èèpo já. Ohun tó ń jáde fẹ́lẹ́ bí páálí. Wọ́n á gé e, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá fi àtè lẹ̀ wọ́n mọ́ra ní ìpele mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje, tí ìlà ọ̀kan á dábùú ìlà èkejì. Ìdábùú yẹn ni kì í jẹ́ kó ká tàbí kó là bí pákó lásán.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n dá ilé iṣẹ́ pláíwúùdù ńlá kan sílẹ̀ ní Port-Gentil, wọ́n sì máa ń sọ nígbà náà pé kò sí èyí tó tóbi tó o láyé. Títí di àwọn ọdún 1960, igi ló ń mú owó wọlé fún Gabon ju ohunkóhun lọ, kí epo rọ̀bì tó gba ipò náà. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú gẹdú náà ń lọ sókè òkun láì là á. Lọ́dún 2010, ìjọba Ali Bongo fòfin de kíkó gẹdú odindi jáde, ó ní ilẹ̀ Gabon ni kí wọ́n ti sọ ọ́ di pákó. Ọgbà ilé iṣẹ́ Nkok, tó tó kìlómítà 27 sí Libreville, ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà gbà lọ.

Yorùbá kò ṣe àjèjì nínú ìtàn yìí. Ẹ wo ìwé àwọn tó ń ta pákó ní London tàbí Hamburg, ẹ ó rí iroko, ẹ ó rí afara, idigbo àti opepe. Ìrókò, afàrà, ìdígbó àti òpèpè ni, wọ́n kàn yọ àmì ohùn kúrò. Káfíńtà òyìnbó tó ń béèrè ‘iroko’ fún ilẹ̀kùn kò mọ̀ pé èdè Yorùbá lòun ń sọ. Sapele, ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí, tí ilé iṣẹ́ African Timber and Plywood ti ń ṣiṣẹ́, fún igi kan ní orúkọ tirẹ̀ náà.

Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi sílẹ̀

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ yàrá àwọn ará wa ní Gabon fi kún fún ohun àlòkù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 16, oṣù Kíní, ọdún 1977, àwọn ológun onígbówó tí Bob Denard, ọmọ Faransé, ṣáájú wọn, balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Kútọ̀nú láti gbàjọba lọ́wọ́ Mathieu Kérékou. Wọn kò rí i ṣe. Ìwádìí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi hàn pé Gabon wà lára ibi tí wọ́n gbà wá. Kérékou kò gbàgbé. Nígbà ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Khartoum lóṣù Keje, ọdún 1978, ó sọ ọ̀rọ̀ náà síta, inú sì bí Omar Bongo.

Àwọn tí kò sí ní Khartoum ló jìyà rẹ̀. Wọ́n kọlu àwọn ará Benin ní ìgboro Libreville, ìjọba sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa lọ sílé. Nǹkan bíi 10,000 èèyàn ni wọ́n dá padà: olùkọ́, oníṣòwò, bíríkìlà, káfíńtà. Nígbà tí wọ́n bá ní ‘ará Benin’, Yorùbá Kétu, Ṣakété, Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Kí lèèyàn lè gbé dání nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Owó, ìwé, aṣọ, ọmọ. Kò sẹ́ni tó lè gbé bẹ́ẹ̀dì onípákó dání. Káfíńtà tó kan bẹ́ẹ̀dì fún idajì àdúgbò á fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí òbí yín gbé Ghana rí mọ̀ pé kì í ṣe Gabon ló dá a sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ṣakí tí wọ́n ti ń tajà níbẹ̀ láti ìran dé ìran ta ẹrù wọn ní ìdá kékeré iye tí wọ́n rà á, àwọn mìíràn kò rí i tà rárá. Nàìjíríà náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ará Ghana lóṣù Kíní ọdún 1983, báàgì aláwọ̀ títí tí wọ́n kó ẹrù sí sì ń jẹ́ Ghana Must Go títí dòní. Gabon tún lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé lọ́dún 1995.

Lójú tèmi, ibí ni a ti gbọ́dọ̀ wá ìdí tí ẹni tó wà lájò kì í fi í kówó lé bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe ahun. Ó ti gbọ́ ìtàn. Ìdí nìyí tí bẹ́ẹ̀dì onírin bíi Vono, tó ṣeé tú palẹ̀, fi gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ìdí nìyí tí ẹní fi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àwọn tó lè ra fóòmù.

Ẹ̀rù náà kò tíì tán. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Ààrẹ Brice Oligui Nguema kéde pé àwọn òwò kéékèèké kan ti di ti ọmọ Gabon nìkan. Títajà nínú àdúgbò, títún fóònù ṣe àti gígẹ irun lẹ́bàá títì wà lára wọn. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń jẹ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń ronú lọ́wọ́ lórí ọ̀dà tó máa fi kun yàrá rẹ̀ ní Akanda ti ní láti kọ́kọ́ ronú lórí bóyá òun á ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí owó kò bá pọ̀, báwo ni ẹ ó ṣe ṣe é?

Síbẹ̀, èèyàn kò lè torí pé òun lè lọ lọ́la kó sùn sínú yàrá tó rẹwà lójú ẹlòmíràn nìkan. Ohun tí shabby chic lè kọ́ wa ni pé ohun àlòkù kò ní láti rí bí ohun tí wọ́n jù nù.

Libreville jẹ́ ìlú àwọn òṣìṣẹ́ epo àti aṣojú orílẹ̀èdè òkèèrè. Irú àwọn wọ̀nyí máa ń ta ẹrù ilé wọn nígbà tí iṣẹ́ wọn bá parí. Ọjà Mont-Bouët, tó tóbi jù nílùú náà, ni ẹ ti lè rí aṣọ. Ní Nàìjíríà, àga àti bẹ́ẹ̀dì wà lára ọjà tí ìjọba ti fòfin dè pé kí wọ́n má kó wọlé, nítorí náà tokunbọ̀ tí ẹ bá rí níbẹ̀ lè má wọ́n kéré bí ẹ ṣe rò. Ẹ kúkú wá tàwọn òbí yín tó wà lẹ́yìnkùlé.

Ìdun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí gbogbo oríkèé bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí ẹ bá ti rí àmì dúdú kéékèèké bí ẹni fi bírò tọ́ ọ, ìdun ti gbé ibẹ̀. Ẹ tú u palẹ̀, ẹ da omi tó hó sí i, ẹ sá a sóòrùn. Bí ẹ bá kan pákó náà tó dún bí ohun tó ṣófo, ikán ti jẹ inú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi pálẹ́ẹ̀tì láti èbúté Owendo tàbí Apápá ṣe bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo àmì tí wọ́n jó sí i lára. HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, ìyẹn dára. MB túmọ̀ sí pé oògùn olóró ni wọ́n lò. Ẹ má gbé e wọ yàrá.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ rèé, pàápàá bí ọmọ kékeré bá wà nílé. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Amẹ́ríkà fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé lọ́dún 1978, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ wa, ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìyẹn kí òfin tó dé. Bí ẹ bá fi sáńdípépà ha ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ á wọlé sí ọmọdé lára, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ohun tí kò bá dá yín lójú, ẹ má ha á. Ẹ fi kànìnkànìn àti ọṣẹ nù ún, kí ẹ kun ọ̀dà tuntun bò ó.

Ọ̀dà tó ń gbẹ bí ẹfun kò wọ́n láti pò nílé. Ẹ po ẹ̀tù POP ìwọ̀n kan mọ́ omi díẹ̀ títí tí kò fi ní kókó mọ́, kí ẹ dà á sínú ọ̀dà ògiri funfun ìwọ̀n mẹ́ta. Èyí tí ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ pò, torí ó máa ń tètè le. Kí ẹ tó kùn ún, ẹ fi àbẹ́là ra etí pákó níbi tí ẹ bá fẹ́ kí ó dà bíi pé ọwọ́ ti nù. Ọ̀dà kò ní lẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ẹ ó kàn fi àkísà nù ún kúrò bó bá gbẹ. Okoumé dára fún èyí nítorí pé awọ̀ rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń yọ lábẹ́ funfun bí ara ọmọ tuntun.

Ẹ fi síkúrù so férémù bẹ́ẹ̀dì pọ̀ dípò ìṣó, kó lè ṣeé tú. Ẹ kun abẹ́ rẹ̀ náà, torí okoumé kì í fara da omi àti kòkòrò. Oṣù Kẹfà sí Kẹjọ, tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní Libreville, ló dára jù fún iṣẹ́ náà, ọjọ́ méjì sì tó fún ọ̀dà láti gbẹ kí ẹ tó gbé fóòmù lé e. Bó bá jẹ́ oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá ni, tí òjò ibẹ̀ ń rọ̀ bíi pé kò ní dá mọ́, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ lọ́sàn-án.